Ẹni Tó Ń Gba Owó, Ẹni Tó Ń Kọ Ọ́, Ẹni Tó Ń Yẹ Ìwé Wò: Ìtàn Pípín Iṣẹ́ Nínú Òwò

Irú ìwé ìrántí báyìí sábà máa ń sọ ìtàn ìlú, ìtàn oyè àti ìtàn àwọn baba wa tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó síbí. Lọ́dún yìí, ìtàn owó ni a fẹ́ sọ, pàápàá jù lọ ìtàn àwọn tí ń di owó mú fún ẹlòmíràn.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro láti mọ̀. Òwò àti iṣẹ́ oṣù ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wa dé ilẹ̀ yìí. Bí òwò onílé bá dojú dé, ó lè padà sí oko baba rẹ̀. Ti ẹni tó wà ní ìlú àlejò kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìsọ̀ rẹ̀ bá wó, owó ilé, owó iléèwé àwọn ọmọ àti owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé ló wó pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí àwa mọ ohun tí ń ba òwò jẹ́ ju ẹlòmíràn lọ.

Bí òwò bá bàjẹ́, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ayé ló ṣe é, tàbí pé ìjọba ló fà á, tàbí pé ọjà kò yá. A kò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ìtàn wò, láti orí èsúsú títí dé orí báǹkì ńláńlá, a ó rí ohun kan tó ń padà wá nígbà gbogbo: ẹnì kan ṣoṣo ló ń gba owó, òun náà ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, òun náà ló sì ń yẹ ìwé ara rẹ̀ wò.

ÀWỌN BABA WA MỌ̀ Ọ́N

Àwọn baba wa kò fi ohun tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn sí ọwọ́ ẹnì kan láìsí ẹni tí ń wò ó. Ní Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́, Aláàfin ló ni àṣẹ, ṣùgbọ́n àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, wà níbẹ̀ láti dá a lẹ́kun bí ó bá fẹ́ ṣi agbára lò. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì náà kò sì dá wà, nítorí Ògbóni ń wo ọwọ́ tiwọn. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ọba tàbí ìjòyè. Bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ìlú nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni èsúsú. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá jáde ní 1921, ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Àwọn ènìyàn á jọ dá iye owó kan náà, ní àkókò tí wọ́n fi àdéhùn sí, ní ojúkò kan, lábẹ́ olórí kan, wọn á sì kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kan, títí yóò fi kárí. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀. Owó kì í pẹ́ lọ́wọ́ olórí, nítorí ẹni tó kàn ni yóò kó o. Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ iye tó yẹ kó wọlé, gbogbo wọn ló sì mọ ẹni tó yẹ kó gbà á. A lè sọ pé gbogbo wọn ni ọ́dítọ̀. Àṣà yìí lágbára débi pé àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Trinidad, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní sou-sou títí di òní.

Àjọ ojoojúmọ́ yàtọ̀ sí èyí. Alájọ ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń gba owó, ó ń fi àmì sí káàdì, ó sì ń tọ́jú owó náà títí oṣù yóò fi parí. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni èrè tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ alájọ ló jẹ́ olóòótọ́. Owó àjọ ni àwọn ìyá wa fi kọ́lé, òun ni wọ́n fi rán wa níléèwé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ẹnì kan náà ló ń gbà, òun ló ń kọ, òun ló ń tọ́jú, òun ló sì ń san. Bí ó bá fi owó náà ṣòwò tí òwò náà kò yè, tàbí bí ikú bá pa á lójijì, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ àfi lọ́jọ́ tí oṣù bá pé. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà alájọ rárá. Bí a ṣe to iṣẹ́ náà ló fi àyè sílẹ̀ fún ewu.

BÁǸKÌ ÀWỌN ÈNÌYÀN WA

Ní 1894 ni báǹkì òyìnbó tí a mọ̀ sí Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Òun ló di First Bank lónìí. Àwọn oníṣòwò wa ráhùn títí pé àwọn báǹkì òyìnbó kì í fẹ́ yá ọmọ ilẹ̀ yìí lówó, ni àwọn kan bá pinnu láti dá tiwọn sílẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929 kò ju ọdún kan lọ tó fi kógbá sílé. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ ní 1931, òun náà sì parí ní 1936. National Bank of Nigeria, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1933, ló kọ́kọ́ rọ́wọ́ mú. Ní 1945, Olóyè Mathew Adekoya Okupe dá Agbonmagbe Bank sílẹ̀. Báǹkì yìí ló di Wema Bank ní 1969, Wema yìí kan náà ló sì gba National Bank mọ́ra ní 2005.

Lẹ́yìn ogun Hitler ni nǹkan wá dàrú. Láàrin 1947 sí 1952, báǹkì tuntun tó lé ní ogún ni wọ́n dá sílẹ̀ nílẹ̀ wa. Kò sí òfin kan tó ní kí ẹnikẹ́ni gba ìwé àṣẹ kí ó tó ṣí báǹkì. Ìjọba ní kí ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ G. D. Paton ṣe ìwádìí ní 1948, òfin àkọ́kọ́ sì jáde ní 1952. Òfin náà ní kí báǹkì gba ìwé àṣẹ, kí ti ọmọ ìbílẹ̀ ní owó ìpìlẹ̀ tí kò dín ní £12,500, kí ti òkèèrè ní £100,000, kí ìjọba sì lè yẹ ìwé wọn wò.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bá wọn lórí ìjókòó. Kí 1954 tó parí, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn báǹkì tuntun náà ló ti ti ilẹ̀kùn. Owó ìpìlẹ̀ wọn kéré, òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ kò tó, wọ́n ń yá owó jáde ju agbára wọn lọ, ìwé wọn kò sì gún. Ẹ ronú nípa ìyá aláṣọ tàbí àgbẹ̀ onikòkó tó kó owó rẹ̀ kúrò nínú ìkòkò lọ sí báǹkì nítorí wọ́n ní ibẹ̀ ni ààbò wà. Kò sí ẹni tó san án padà fún un, nítorí kò tíì sí Báǹkì Àpapọ̀ nígbà náà. Òfin tó dá Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ jáde ní 1958, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù keje 1959.

KÌ Í ṢE ÀWA NÌKAN

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Báǹkì kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń jẹ́ Barings. Ọdún 1762 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá sì jẹ́ oníbàárà wọn. Ní 1992, wọ́n rán ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kan, Nick Leeson, lọ sí Singapore. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni kí ó máa ra àdéhùn tó dá lórí iye tí ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Japan yóò jẹ́ lọ́jọ́ iwájú, kí ó sì máa tà á.

Iṣẹ́ méjì ni wọ́n gbé lé ọwọ́ ọmọkùnrin yìí. Èkínní, òun ni olórí àwọn tí ń rà tí ń tà. Èkejì, òun náà ni olórí ọ́fíìsì tí ń kọ ohun tí wọ́n rà àti ohun tí wọ́n tà sílẹ̀, tí ń ṣírò rẹ̀, tí ń sanwó rẹ̀. Ọ́fíìsì ìwé yìí ló ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà ó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tó dé ibẹ̀ tó fi ṣí àkáǹtì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 88888, inú rẹ̀ ló ń kó gbogbo àdánù pamọ́ sí. Èrè ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ń rí, wọ́n sì ń yìn ín. Kí 1994 tó parí, àdánù tó wà nínú àkáǹtì náà ti lé ní £200 mílíọ̀nù.

Ohun tó dun ni jù nínú ìtàn yìí ni pé ẹnì kan ti kìlọ̀. Ní oṣù kẹjọ 1994, àwọn ọ́dítọ̀ báǹkì náà fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìwé pé kò yẹ kí ẹnì kan di ipò méjèèjì mú. Àwọn ọ̀gá kà á, wọn kò ṣe nǹkan kan sí i. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1995, ilẹ̀ mì tìtì ní ìlú Kobe ní Japan, iye ìpín já wálẹ̀, àdánù Leeson sì ń ga sí i lójoojúmọ́. Ó sá lọ ní ọjọ́ 23 oṣù kejì. Ní ọjọ́ 26, Barings wó. Àdánù náà jẹ́ £827 mílíọ̀nù, ó ju gbogbo owó ìpìlẹ̀ báǹkì náà lọ. Báǹkì tó ti lo ọdún 233 láyé, £1 péré ni ilé-iṣẹ́ ING ti ilẹ̀ Netherlands fi rà á. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà àbọ̀ ni wọ́n dá fún Leeson ní Singapore.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé ilẹ̀ tó mì ló pa Barings. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní akọ̀wé mìíràn, tí kò sí lábẹ́ Leeson, ló ń kọ ìwé ni, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pàápàá kò ní kọjá kí ó tó béèrè pé, "Kí ni owó yìí ń ṣe níbí?"

NÍLÉ WA NÍHÌN-ÍN

Ní orílẹ̀-èdè wa, a rí ti wa náà. Ìjọba fi òfin dá NDIC sílẹ̀ ní 1988 láti dáàbò bo owó àwọn tó fi owó sí báǹkì, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1989. Síbẹ̀, ìwé àṣẹ báǹkì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n (26) ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù kìíní 1998. Púpọ̀ nínú wa níhìn-ín rántí àwọn tó ń tò síwájú ilẹ̀kùn báǹkì nígbà náà.

Ní oṣù keje 2004, Báǹkì Àpapọ̀ sọ pé kí gbogbo báǹkì ní owó ìpìlẹ̀ ₦25 bílíọ̀nù kí 2005 tó parí. Báǹkì mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún (89) di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n (25). A yọ̀, a rò pé ewu ti tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà ìpín já wálẹ̀ ní 2008, àṣírí tú. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2009, wọ́n yọ ọ̀gá báǹkì márùn-ún nípò lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì yọ mẹ́ta sí i ní oṣù kẹwàá. ₦620 bílíọ̀nù ni Báǹkì Àpapọ̀ kó sínú àwọn báǹkì mẹ́jọ náà kí wọ́n má baà wó. Wọ́n rí i pé àbójútó kò sí, àwọn ọ̀gá kan ń yá owó fún ara wọn àti fún àwọn ènìyàn wọn, ìgbìmọ̀ tó yẹ kó dá wọn lẹ́kun sì dákẹ́. Láti 2010, ọ̀gá báǹkì kò gbọdọ̀ lò ju ọdún mẹ́wàá lọ lórí ipò.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wé ti 1954. Nígbà náà, a ní owó ìpìlẹ̀ kò tó. Ní 2009, owó ìpìlẹ̀ pọ̀, báǹkì ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Owó púpọ̀ kò lè gba ipò ojú tí ń ṣọ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni Heritage Bank náà pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2024. Ó dára kí ẹ mọ̀ pé láti oṣù karùn-ún 2024, ₦5 mílíọ̀nù ni NDIC ń dáàbò bò fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan nínú báǹkì ńlá, ₦2 mílíọ̀nù sì ni nínú àwọn báǹkì kéékèèké tí a mọ̀ sí microfinance. Ẹni tí owó rẹ̀ bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó má kó gbogbo rẹ̀ sójú kan.

TA NÍ Ń ṢE KÍ NI?

Nínú ilé-iṣẹ́ tó bá létò, iṣẹ́ pín báyìí:

1. Àwọn tí ń ṣe òwò gan-an: àwọn tí ń tà, tí ń rà, tí ń yá oníbàárà lówó.

2. Àwọn tí ń kọ ìwé, tí ń ka owó, tí ń fi rìsíìtì wé ọjà. Wọn kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ń tà.

3. Àwọn tí ń wo ewu iwájú. Àwọn ni wọ́n ń béèrè pé, "Bí ẹni tí a yá lówó yìí kò bá san ńkọ́? Bí iná bá jó ńkọ́? Bí náírà bá já ńkọ́?" Àwọn ni wọ́n ń sọ iye tí a kò gbọdọ̀ kọjá.

4. Ọ́dítọ̀ inú ilé, tí ń yẹ iṣẹ́ gbogbo àwọn yòókù wò. Kì í ṣe mánẹ́jà ló ń jábọ̀ fún, bí kò ṣe ìgbìmọ̀ àwọn olùdarí. Bí ó bá jẹ́ mánẹ́jà ló ń jábọ̀ fún, ta ni yóò yẹ ìwé mánẹ́jà wò?

5. Ìgbìmọ̀ olùdarí, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ka ìjábọ̀ náà, kí wọ́n sì ṣe nǹkan sí i. Ibi tí Barings ti kùnà gan-an nìyí.

Àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba mọ èyí dáadáa. Fáọ́ṣà kan kì í di owó lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹnì kan yóò kọ ọ́, ẹlòmíràn yóò fọwọ́ sí i, ọ́dítọ̀ yóò yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ni kàṣíà yóò tó san án. Àwọn ará ìta máa ń bínú pé ó ń falẹ̀. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí ẹ bá ti gbọ́ pé owó ìjọba pòórá, ẹ wádìí, ẹ ó sábà rí i pé ẹsẹ̀ kan nínú ìrìn àjò fáọ́ṣà náà ni wọ́n fò.

ÌSỌ̀ WA ÀTI ẸGBẸ́ WA

Ẹlòmíràn lè sọ pé ìsọ̀ tòun kì í ṣe báǹkì, pé òun, ìyàwó òun àti ọmọ iṣẹ́ kan ló wà níbẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta tó láti pín iṣẹ́. Kí ọmọ iṣẹ́ máa tà, kí ìyàwó máa kọ ọ́ sínú ìwé lálaalẹ́, kí baálé sì máa ka ọjà tó kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sílé fún ìnáwó, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn ka ọjà kí ẹ tó lọ àti nígbà tí ẹ bá dé. Àwọn báǹkì máa ń fi dandan lé e pé kí òṣìṣẹ́ lọ fún ìsinmi, nítorí pé nígbà tí ẹlòmíràn bá jókòó sí àga rẹ̀ ni ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń hàn.

Ẹ má sì gbàgbé ewu tó jẹ́ ti àwa àlejò. Nígbà ìjà Kàdúná ní 2000 àti ti Jọ́ọ̀sì ní 2001, ìsọ̀ jóná. Ẹni tó bá jẹ́ pé inú ìsọ̀ kan náà ni ọjà rẹ̀ wà, tí ìwé gbèsè rẹ̀ wà, tí owó rẹ̀ wà, gbogbo rẹ̀ ló lọ pọ̀. Kí ẹ̀dà ìwé wà nílé, kí owó wà ní báǹkì, kí ẹni tó bá lágbára sì lọ sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ní ti ẹgbẹ́, òfin irú ẹgbẹ́ tiwa sábà máa ń ní akọ̀wé owó tí ń gba owó tó sì ń kọ ọ́, akápò tí ń tọ́jú rẹ̀ sí báǹkì, àti ọ́dítọ̀ tí ń yẹ ìwé àwọn méjèèjì wò. Àwọn tó kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ kò fi ipò mẹ́ta ṣe ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ojú àgbà ni ìṣòro wa. Bí ọ̀dọ́ bá béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ bàbá tó jẹ́ akápò, wọn á ní kò mọ ọ̀wọ̀. Bí ìyá bá ti wà ní ipò fún ọdún mẹ́wàá, wọn á ní ṣé a kò fọkàn tán màmá mọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìpàdé yóò ṣe fi ìjábọ̀ owó sí ìkẹyìn, nígbà tí ebi ti ń pa gbogbo ènìyàn, a ó sì pàtẹ́wọ́ sí i láìkà á.

Yíyẹ ìwé wò kì í ṣe ẹ̀sùn. Àgbà gan-an ló ń dáàbò bò. Ọjọ́ tí akápò bá dolóògbé, ìwé tí ọ́dítọ̀ ti fọwọ́ sí ni yóò sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ àti fún wa pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àgbà tí ìwé rẹ̀ kò ní ẹlẹ́rìí, ẹnikẹ́ni lè bà á lórúkọ jẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, kò sì ní sí níbẹ̀ láti fèsì. Nítorí náà, kí akápò fúnra rẹ̀ máa béèrè fún ọ́dítọ̀. Kí ìjábọ̀ owó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ ní ìpàdé, kí a ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹni méjì ó kéré tán máa fọwọ́ sí ìwé owó kí báǹkì tó san án.

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. Bí ó ṣe rí nínú iṣẹ́ oko àti nínú ilé kíkọ́ náà ló rí nínú ìtọ́jú owó. Ọlọ́run yóò bù kún òwò wa ní ìlú àlejò yìí, kò ní jẹ́ kí á ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn kó, yóò sì mú wa délé láyọ̀ pẹ̀lú èrè. Kí ẹgbẹ́ wa dàgbà, kí ó gbó, kí ó tọ́. Àmín.